Ọjọ́ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wá Tọrọ Àǹtí Ṣadé

Ọdún tí Màmá Abẹ́òkúta wá bá wa gbé ní Parkchester, ní ìlú New York, ni ọdún tí ariwo ilé wa pọ̀ jù. Irin tó ń mú yàrá gbóná ni yóò kọ́kọ́ jí. Láti ìdájí ni yóò ti máa lu ara rẹ̀ gbàgà-gbàgà nínú ògiri bí ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́, Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, yóò sì máa dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "A ti gbọ́ o, a ti jí." Lẹ́yìn náà ni rélùwéè á kọjá lórí afárá rẹ̀, àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Mọ́mì á máa fa báàgì iṣẹ́ wọn jáde, Dádì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń fi táksí gbé èrò káàkiri ìlú mọ́jú, àwọn méjèèjì á sì kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bí òṣìṣẹ́ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo gbà nígbà náà pé gbogbo ilé ayé ló rí bẹ́ẹ̀, pé bàbá ló ni òru, ìyá ló ni ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n ló ni gbogbo ìgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ni Àǹtí Ṣadé. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń mú mi dé ilé ìwé, òun ló ń ro èbà bí Mọ́mì bá pẹ́ lọ́nà, síbẹ̀ ó tún ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bronx níbẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun inú ara. Iṣẹ́ yìí ya Màmá lẹ́nu púpọ̀. Wọ́n á na apá wọn sí i, wọ́n á ní kó sọ orúkọ egungun tó wà níbẹ̀. Àǹtí Ṣadé á máa pe orúkọ gígùn-gígùn tí àwọn dókítà fi ń pè wọ́n, Màmá á sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì ara rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, èmi á jókòó sílẹ̀ níwájú àga wọn, èmi á máa bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín nínú omi, èèpo á lẹ̀ mọ́ mi lára títí dé ìgbọ̀nwọ́. Màmá kì í gbójú fo ẹyọ kan. Wọ́n ní ọmọ tó bá bó ẹ̀wà lábọ̀ábọ̀, lábọ̀ábọ̀ náà ni yóò ṣe ilé ọkọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ò ní lọ́kọ, pé mo máa ra mọ́ínmọ́ín jẹ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa fi etí ìró nu ojú.

Nígbà tí òtútù dé, Màmá yọ̀ ṣubú nínú bálùwẹ̀. Ní ọsibítù wọ́n ya àwòrán ìbàdí wọn, Àǹtí Ṣadé ló sì fi ìka tọ́ ibi tí egungun ti sán hàn wá kí dókítà tó wọlé. Wọ́n dá Màmá padà sílé pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọn yóò máa dì mú rìn, dókítà sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dá wà lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Mọ́mì ni kí wọ́n máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní Manhattan. Ìyá oníyàá ni wọ́n ń wẹ̀ fún, tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe é fún tiwa. Dádì ń sùn lọ́sàn-án, oorun wọn sì le débi pé rélùwéè gan-an kì í jí wọn. Ìnṣọ́ránsì fún wa ní olùtọ́jú fún wákàtí díẹ̀ péré lọ́sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dádì pè wá sí kíṣìnì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní Àǹtí Ṣadé á sinmi kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé nítorí tiwọn ni. Bí wọ́n bá béèrè, ká sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà ní họlidé.

Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọdún tí wọ́n ń pè ní ọdún kan yẹn. Àǹtí kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti ń sinmi ilé ìwé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Àǹtí Ṣadé kúnlẹ̀, ó ní "Yes sir, Dádì," ó wọ bálùwẹ̀, ó sì ṣí omi kí a má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Èmi gbọ́. Nígbà tó ń di irun mi lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kíláàsì àwòrán egungun kéré, àwọn tó ń dúró de àyè níbẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní àga rẹ̀. Ó ní, "Tóyìn, tí mo bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní dá a dúró dè mí." Inú bí mi sí gbogbo àgbà ilé wa, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè fi ìbínú náà hàn.

Kì í ṣe pé kọ́lẹ́ẹ̀jì dákẹ́. Wọ́n fìwé ránṣẹ́, wọ́n pe fóònù Àǹtí Ṣadé títí ìtìjú ò jẹ́ kó gbé e mọ́, wọ́n pe àwọn òbí wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́ kan kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Dádì ò lọ. Nínú gbogbo òbí tí a mọ̀ láti Parkchester títí dé Castle Hill, kò sí ẹni tó lọ. Lójú tiwọn, ilé ìwé kì í pe òbí lásán. Ọmọ tó bá jà, ọmọ tó bá jalè, ọmọ tó bá bú tíṣà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣe dáadáa, òbí á jìnnà síbẹ̀, á fi tíṣà sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tiwọn wo àga tó ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì gbà pé àwọn òbí wa ò bìkítà. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì yẹn, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Wọ́n kàn ń wo ara wọn láti òkèèrè ni, ọmọ sì ń jìyà láàárín.

Obìnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó ń jẹ́ Míìsì Lùsíà. Ará Samoa ni wọ́n, àwọn erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì, New Zealand ni wọ́n sì ti dàgbà kí wọ́n tó bá ọkọ wọn dé New York. Àwọn ọmọ erékùṣù yẹn ò pọ̀ ní Bronx, àwọn díẹ̀ tó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣe ni wọ́n ń yọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe gba Míìsì Lùsíà síṣẹ́. Míìsì Lùsíà ò fara mọ́ ọ́fíìsì. Wọ́n tọ àwọn òbí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá wọn jókòó lórí ẹní nínú ilé wọn, wọ́n jẹ oúnjẹ wọn, wọ́n kí àgbà tán kí wọ́n tó dárúkọ ìwé. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ni àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà mọ́ iṣẹ́ wọn. Bí orúkọ Àǹtí Ṣadé ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ gbogbo èyí nígbà náà.

Ohun tí a mọ̀ ni pé fóònù Mọ́mì dún ní ọ̀sán Sunday kan. Mọ́mì ń fọ ẹran, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde. Obìnrin náà sọ orúkọ tí Mọ́mì ò gbọ́ dáadáa, ó ní ará Samoa ni òun, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Ṣadé ni òun sì ti ń pè. Ó kí Mọ́mì, ó béèrè àlàáfíà Dádì, ó béèrè bóyá àgbà wà nínú ilé, ó sì kí àgbà náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó da ilé wa rú: "A fẹ́ wá kí ìdílé yín nítorí ọmọbìnrin yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa bá yín sọ̀rọ̀. A ò ní wá lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ wo ló máa rọ àwọn àgbà lọ́rùn?" Mọ́mì dúró pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Wọ́n ní Sátidé dára, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n pa fóònù. Mo sáré lọ tú ọ̀rọ̀ náà fún Màmá ní pálọ̀, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó sọ nǹkan kan, ohùn Màmá dé, ó tutù bí ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́.

"Àwọn àna ti dé."

Ẹni tí kò bá dàgbà nínú ilé Yorùbá lè béèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì ò bi obìnrin náà ohun tó fẹ́. Ta ló ń bi irú àlejò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù? Ìdílé kan ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ nítorí ọmọbìnrin yín, àgbà ni yóò sọ̀rọ̀, ẹrù wà lọ́wọ́ wọn. Bí a ṣe ń wá mọ ilé ìyàwó nìyẹn, kò sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Ṣadé ti ọjà dé, Màmá pè é jókòó, wọ́n béèrè irú ọmọ tí ọmọkùnrin náà jẹ́. Ó ní, "Màmá, I swear, kò sí boy kankan. Àbí àwọn ará ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni?" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ń mú ẹ̀gbọ́n bàbá dání, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ń béèrè ọjọ́ tó rọ àgbà lọ́rùn? Wọ́n yíjú sí Mọ́mì, wọ́n béèrè bóyá Mọ́mì jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè Dádì. Mọ́mì wolẹ̀. Màmá ní ọmọ tó bá níwà, sísẹ́ ló ń sẹ́.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jókòó. Láti ọjọ́ yẹn títí di Sátidé, ilé wa kò jọ ilé tí ẹnikẹ́ni ti ń ṣàìsàn. Màmá, tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ń ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn láti yàrá dé pálọ̀, wọ́n ń pàṣẹ ibi tí a ó gbé àga sí. Mọ́mì gbàyè níbi iṣẹ́. Wọ́n kó ẹ̀wà tó lè bọ́ ogun síwájú mi, mo sì bó o láìkùn rárá. Dádì nìkan ni ojú wọn ò tíì walẹ̀. Wọ́n ní kí Àǹtí Ṣadé fi Samoa han àwọn lórí máàpù inú fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní omi ni gbogbo rẹ̀, ibo gan-an ni àwọn àna ń sùn. Nítorí pé bàbá ìyàwó kì í fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n lọ bẹ Àlájì Gàní, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé lábẹ́ wa, táwọn náà ń fi táksí ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá ṣe ẹnu fún ìdílé wa. Àlájì Gàní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí a bá pàdé wọn nínú ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè, a ó bá wọn tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń na ìka sókè sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó ga, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Míìsì Lùsíà nìyẹn. Bàbá arúgbó kan tẹ̀lé wọn, irun orí rẹ̀ funfun, ó wọ kóòtù àti táì lókè, ìró ló sì ró dé orúnkún nísàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ṣùgbọ́n Màmá ti rí ohun tí èmi ò rí. Bàbá náà fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di ọ̀pá mú, Màmá sì sọ fún Mọ́mì jẹ́ẹ́jẹ́ pé ìjòyè ni wọ́n. Wọ́n gbé ẹní kan wọlé, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú Màmá. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ ńlá kan tẹ̀lé e. Mọ́mì ṣí i, Màmá na ọrùn wò ó. Kókò ni. Kókò gidi, àti ewé rẹ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní wọn ò mọ̀ pé kókò ti rìn jìnnà tó báyìí.

Bàbá arúgbó náà dìde dúró. Ó sọ̀rọ̀ lédè Samoa, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń dánu dúró kí ọ̀rọ̀ lè balẹ̀. Míìsì Lùsíà ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Àǹtí Ṣadé, tó ti dá Míìsì Lùsíà mọ̀ ní kété tí wọ́n wọlé, tí ojú sì ń tì í, ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún Màmá. Ó fẹ́ ṣàlàyé, Màmá ní kó dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀. Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé, ó kí àwọn baba ńlá wa tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Igi kan wà tí ẹ gbìn. Ó ti ń so èso ní àgbàlá tiwa. A wá bẹ̀ yín, kí ẹ má ṣe fà á tu." Àlájì Gàní lu apá àga. Ohun tí wọ́n ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Àwọn náà dìde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, wọ́n kí ìjòyè padà, wọ́n sọ iye igi rere tó ti ti ìdílé wa jáde, wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀ ọ́, Àǹtí Ṣadé ò rí i tú mọ́. Bàbá arúgbó náà ń mi orí, ó ń gbádùn rẹ̀ láìgbọ́ ẹyọ kan. Ìgbà tó yá ni Àlájì Gàní wá béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè.

"A ti gbọ́ ẹnu àgbà. Ọkọ ìyàwó dà, kó wá dọ̀bálẹ̀ ká rí i?"

Nígbà tí ìbéèrè náà dé etí Míìsì Lùsíà lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, wọ́n wo Àǹtí Ṣadé, wọ́n wá ní ọkọ wo? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú. Míìsì Lùsíà ṣàlàyé pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló rán àwọn, pé Ṣadé wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù nínú kíláàsì rẹ̀, pé kò forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀, pé ó kù díẹ̀ kí àyè rẹ̀ bọ́, àwọn sì fẹ́ mọ bí àwọn ṣe lè ran ìdílé lọ́wọ́. Mọ́mì jókòó pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé agbada epo gbígbóná lọ́wọ́. Dádì ò jókòó. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí àlejò lè gbọ́ pé bí àwọn ṣe ń tọ́jú ilé àwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé ẹnikẹ́ni ò lè gbé oúnjẹ wọlé kí ó fi wá dá àwọn lẹ́jọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ẹní dáradára náà, mo rò pé wọ́n á ní kí wọ́n ká a, kí wọ́n máa gbé e lọ, kí Àǹtí Ṣadé sì máa sinmi títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Míìsì Lùsíà ò bá wọn jiyàn. Wọ́n kúrò lórí àga, wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n mú wá, wọ́n wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Wọ́n ní nígbà táwọn wà ní yunifásítì, ìyá-ìyá àwọn dùbúlẹ̀ àìsàn, bàbá àwọn ní kí àwọn dúró ti ìyá àgbà, àwọn sì dúró. Yunifásítì ń kọ ìwé lórí ìwé ránṣẹ́, bàbá àwọn fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ Bíbélì. "Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà padà. Mi ò bínú sí bàbá mi. Wọn ò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ò wá bi wọ́n. Ká ní ẹnì kan wá jókòó báyìí ni, mo mọ̀ pé wọn ì bá jẹ́ kí n lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá jókòó." Àǹtí Ṣadé ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, nígbà tó dé ibi ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Màmá ní kó sọ ọ́ tán. Ó sọ ọ́ tán. Gbogbo wa mọ̀ pé Màmá ti fi ọ̀kan kún èkejì.

Wọ́n bi Dádì bóyá họlidé ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lóòótọ́. Dádì pe orúkọ wọn lásán, "Màmá..." Wọ́n bi Mọ́mì. Mọ́mì kúnlẹ̀. Wọ́n bojú wo èmi náà, mo sì yára sọ pé èmi kọ́ ni mo ní ká má sọ ọ́. Màmá ò pariwo. Wọ́n ní àwọn fi ọwọ́ ara àwọn dáko kí ọmọ àwọn lè kàwé ní Abẹ́òkúta, pé ìjọ́ tí àwọn bá di ìdí tí ọmọ ọmọ àwọn fi kúrò níbi ìwé, kí wọ́n dá àwọn padà sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ti mú ẹní wá. Ẹ mú kókò wá. Àgbà yín ti sọ̀rọ̀, àgbà wa ti dáhùn. Nílé tèmi, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ báyìí, a kì í dá a padà lófo. Bó bá ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń fẹ́ ẹ, a ti fi Ṣadé fún kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Àlájì Gàní ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fò dìde láti ṣe àdúrà kí ọ̀rọ̀ má bàa tún yí padà. Bàbá Samoa náà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sí èjìká kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń fò sókè, kò sì sí ẹni tó ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí a fi fúnni, àna gbọ́dọ̀ ràn wá lọ́wọ́, Màmá sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ní. Wọ́n ní púpọ̀. Wọ́n lè kó kíláàsì Àǹtí Ṣadé sí àwọn ọjọ́ tí Mọ́mì wà nílé àti ìrọ̀lẹ́ kí Dádì tó jáde. Yàrá kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn ọmọ kéékèèké tí mo lè dúró sí lẹ́yìn ilé ìwé. Fún ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù, Míìsì Lùsíà fẹ́ kí àwọn bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀, kí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì máa wá jókòó ti Màmá, bí àwọn tìlú wọn ṣe ń ṣe é. Mọ́mì ń sunkún, wọ́n ń bu mọ́ínmọ́ín. Dádì dúró lẹ́bàá fèrèsé títí àlejò fi ń wọ bàtà, kí wọ́n tó wá sọ fún Míìsì Lùsíà pé àwọn ò mọ̀ pé ẹnì kan lè wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ọmọ ẹni má sì ti ṣẹ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Monday, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá forúkọ sílẹ̀."

Bí a ṣe kó ara wa sínú táksí Dádì nìyẹn ní àárọ̀ Monday, Màmá níwájú, èmi, Mọ́mì àti Àǹtí Ṣadé lẹ́yìn, Àǹtí Ṣadé ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ ká má sọ̀ kalẹ̀. Màmá gbé fílásíkì kan sórí itan, wọn ò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí Míìsì Lùsíà ti ń dúró dè wá nínú òtútù, Màmá di irin wọn mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí Àǹtí Ṣadé bọ́ bàtà. Ó ní, "Màmá, please, àwọn èèyàn ń wò wá." Màmá ní kí wọ́n máa wò. Dádì ló ṣàlàyé fún Míìsì Lùsíà lédè Gẹ̀ẹ́sì pé lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ láìjẹ́ pé àwọn ará ilé bu omi sí i lẹ́sẹ̀, kí ó lè fi ẹsẹ̀ tútù wọlé. Míìsì Lùsíà ò béèrè ìbéèrè kankan. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tòun ti kóòtù iṣẹ́ wọn, wọ́n gba fílásíkì, wọ́n sì da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, bí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àǹtí Ṣadé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó wọlé. Mo rí orí rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ orí, mi ò sì rí i mọ́. Dádì ṣì dúró. Wọ́n tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n na ìka sí ibi tó gbà lọ, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, tí kò mọ̀ wá rí, tí kò mọ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà, pé, "Ọmọ mi nìyẹn. Ìyàwó yín ni báyìí. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Ọkùnrin náà wo ojú Dádì, ó dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, "Yes, sir."